Ẹ Wá Gbọ́ Ti Táǹkì Bàbá Èkó

Ẹ súnmọ́bí, ẹ̀yin tèmi. Ẹni tó bá ní iṣu lórí iná kó lọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kó tó wá jókòó, nítorí ọ̀rọ̀ yìí gùn, mi ò sì ní í dá a dúró nítorí iṣu ẹnikẹ́ni. Ṣé ẹ ti gbọ́ ohun tí wọ́n rí nígbà tí wọ́n tú táǹkì epo ọkọ̀ Bàbá Èkó? Ẹ gbọ́ díẹ̀? Díẹ̀ wo? Ta ló sọ fún yín? Ìyá Aláṣọ? Háà! Ìyá Aláṣọ ò sí níbẹ̀. Ọjà Glazoué ni wọ́n wà lọ́jọ́ náà. Ẹni tó sọ fún wọn ní ìkóríta, èmi ni mo sọ fún un. Ẹ kúkú jẹ́ kí n ròyìn rẹ̀ fún yín láti orísun, kó má ti ẹnu méjì mẹ́ta dé ọ̀dọ̀ yín kó ti yí àwọ̀ padà.

Ẹ mọ ọkọ̀ náà. Ta ni kò mọ̀ ọ́n ní Ìdàáṣà? Nínú òkè mọ́kànlélógójì tí wọ́n ń kà mọ́ ìlú wa yìí, èwo lẹ lè gùn tí ẹ ò ní í máa gbọ́ ìró rẹ̀ nísàlẹ̀? Pupa ni, ó kéré, ó sún mọ́ ilẹ̀, òrùlé rẹ̀ jẹ́ aṣọ tí wọ́n ń ká sẹ́yìn, ènìyàn méjì péré ló ń gbà dáadáa. Àwọn ọmọdé ló sọ ọ́ ní Àkéré, orúkọ náà sì ti mọ́ ọn lára. Àmọ́ ẹ má pè é bẹ́ẹ̀ níwájú Bàbá Èkó o! MGB ni, ọkọ̀ ìsáré àwọn Gẹ̀ẹ́sì, àmì onígun mẹ́jọ wà ní imú rẹ̀. Ẹ ò tíì kí bàbá náà tán tí wọn ó ti máa kà á fún yín pé ìlú Abingdon ni wọ́n ti ń ṣe é, láti 1962 títí di 1980, àti pé iye tí wọ́n ṣe lé ní ìdajì mílíọ̀nù. "Nínú gbogbo rẹ̀, ẹyọ kan ló wá sí Ìdàáṣà," ni wọ́n máa ń wí, "ẹ̀yin ò sì mọ iyì rẹ̀."

Apá ọ̀tún ni sítíárì rẹ̀ wà. Ẹ̀yin ọmọ àná ò mọ ìdí. Nàìjíríà ni bàbá ti rà á, lọ́wọ́ òyìnbó kan tó ń palẹ̀ mọ́ lọ sílé, nígbà tí wọ́n ṣì ń wakọ̀ lápá òsì lọ́hùn-ún. Ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin 1972 ni Nàìjíríà yí padà sí apá ọ̀tún, sítíárì Àkéré ò sì bá wọn yí. Nígbà tó di oṣù Kìíní 1983 tí ìjọba ibẹ̀ ní kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé máa lọ sílé wọn, àwọn ẹlòmíràn di ẹrù sínú báàgì Ghana Must Go, Bàbá Èkó di tiwọn sínú ọkọ̀ ìsáré. Bẹ́ẹ̀dì wà lórí búùtù, rédíò wà lẹ́sẹ̀ Ìyá Èkó ìyàwó wọn, adìẹ méjì sì wà lórí itan ìyá. Báyìí ni wọ́n ṣe wọ̀lú. Ẹ lè bi àwọn àgbà.

Ohun tí sítíárì apá ọ̀tún ń ṣe fún ènìyàn lórí ọ̀nà wa ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Bí tírélà bá wà níwájú lọ́nà Bohicon, Bàbá Èkó ò lè rí nǹkan kan àfi ìdí tírélà. Ẹni tó jókòó lápá òsì ló gbọ́dọ̀ yọrí wo ọ̀nà. Ìyá Èkó ni iṣẹ́ yìí já lé léjìká láti ọjọ́ yìí wá. "Ẹ má kọjá! Ẹ má kọjá! Ó yá, ẹ kọjá!" Iṣẹ́ náà wọ̀ wọ́n lára débi pé ní ọjọ́ Ìsinmi kan, fádà ń wàásù lọ, oorun sì ti ń gbé ìyá wa lọ díẹ̀díẹ̀, àfi bí a ṣe gbọ́ igbe láti àárín ìjókòó àwọn obìnrin: "Ẹ dúró ná, tírélà ń bọ̀!" Fádà dúró lóòótọ́. Títí di òní, bí ìwàásù bá ti gùn jù, àwọn ọmọ kọ́áyà á máa wo ojú Ìyá Èkó pé bóyá tírélà á tún dé.

Níbo ni mo dé? Ẹ̀n-ẹ́n, táǹkì.

Oṣù Kẹjọ tó kọjá ló bẹ̀rẹ̀. Ẹ mọ bí ìlú wa ṣe ń rí lásìkò ìrìn-àjò mímọ́ sí ihò àpáta Notre-Dame d'Arigbo. Kútọnu á ya bò wá, yàrá kan á di ilé ènìyàn mẹ́wàá, ọmọ ọlọ́kadà zémidjan tí ẹ mọ̀ láti kékeré á sì máa pe owó tí kò bá Ọlọ́run mu lẹ́bàá ilé Ọlọ́run. Àbúrò Bàbá Èkó obìnrin náà wá láti Kútọnu, pẹ̀lú léèsì funfun àti fìlà tó fẹ̀ ju ilẹ̀kùn Àkéré lọ. Bàbá fẹ́ ṣe é bí àgbà. Lítà méjì, lítà mẹ́ta ni wọ́n máa ń rà, ẹ̀yin náà kúkú mọ̀ wọ́n. Lọ́jọ́ náà, wọ́n ní kí wọ́n kún un dé ẹnu.

Wọn ò tíì dé ẹsẹ̀ òkè tí òórùn fi dé. Òórùn epo! Ó ń ti ẹ̀yìn ọkọ̀ bọ̀, ó wọ inú fìlà, ó wọ inú léèsì. Nígbà tí àbúrò bàbá fi máa sọ̀kalẹ̀ níwájú ihò mímọ́, ojú wọn ti ń yí. Tùràrí ń rú níwájú, epo ń rùn lẹ́yìn. Obìnrin kan tó fẹ́ tan àbẹ́là rẹ̀ wo apá ibi tí wọ́n dúró sí, ó pa àbẹ́là mọ́, ó rọra bá ti ẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Ta ló máa bá a wí?

Wọ́n délé, bàbá tẹ́ ẹní sílẹ̀, wọ́n wo abẹ́ ọkọ̀. Ó gbẹ. Ní ọjọ́ mélòó kan sí i, òórùn ti lọ. Ẹ gbà á lẹ́nu mi pé ọ̀rọ̀ ì bá tán síbẹ̀ ká ní bàbá ò lọ bá Ìyá Oníkpayo.

Ẹ mọ Ìyá Oníkpayo tó ń ta kpayo, epo fàyàwọ́ láti Nàìjíríà, lójú ọ̀nà, kí ẹ tó dé ibi tí ọ̀nà Parakú àti ọ̀nà Savalou ti yà. Ìgò ọtí tó tò lórí pákó, ìgò ràgàjì mẹ́ta nísàlẹ̀, àrọ tí wọ́n fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ dí ní ìdí. Ìyá yẹn mọ epo. Wọ́n á kán an sẹ́yìn ọwọ́, wọ́n á fẹ́ ẹ, wọ́n á gbọ́ ọ sí imú, wọ́n á sì sọ fún yín bóyá ẹni tó gbé e wá láti Nàìjíríà sùn lọ́nà tàbí kò sùn. Ojú wọn ti rí nǹkan lórí òwò yìí ṣá. Lọ́jọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023, Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti tán ní Nàìjíríà, kíá, kpayo tiwa níbí fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Ààrẹ sọ̀rọ̀ ní Àbújá, Ìyá Oníkpayo gba èébú ní Ìdàáṣà! Oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn náà ni ibi ìkópamọ́ kpayo kan gbiná ní Sèmè-Kraké, ó pa ènìyàn tó lé ní ọgbọ̀n. Láti ìgbà náà, ẹ mú sìgá kọjá níwájú pákó wọn kẹ́ ẹ rí i. Ìgbálẹ̀ ni wọ́n fi ń lé ènìyàn, ọmọ tiwọn gan-an ò yọ sílẹ̀.

Irú ìyá báyìí ni Bàbá Èkó lọ bá pé, "Ìyá, kí lẹ pò mọ́ epo tẹ́ ẹ tà fún mi?"

Yéè! Ìyá gbé àrọ kalẹ̀. Wọ́n ní, "Bàbá Èkó, láti ọjọ́ tí mo ti ń ta epo fún yín, lítà méjì, lítà mẹ́ta, epo mi ò rùn rí. Ọjọ́ tí ẹ kún un dé ẹnu ló wá rùn. Èmi ni mo rùn àbí ẹnu tẹ́ ẹ kún un dé ni?"

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa. Gbogbo àwa tá a wà níbẹ̀ gbọ́ ọ, a rẹ́rìn-ín, a sì lọ sílé. Inú ọ̀rọ̀ yẹn ni gbogbo ìdáhùn wà!

Ìyá ní àwọn ò tún ta epo fún wọn mọ́. Bàbá gbéra, ó di ilé epo. Wọ́n kún un dé ẹnu níbẹ̀, kí Ìyá lè rí i pé àwọn lówó. Òórùn tún dé. Ṣé ẹ rò pé bàbá á wá gbà pé kì í ṣe Ìyá? Wọ́n ní ó dájú pé ilé epo náà ń ra epo lọ́wọ́ Ìyá Oníkpayo ni!

Gbogbo agbolé wá di oníṣègùn ọkọ̀. Tísà tó ti fẹ̀yìntì ní ooru àwọn àpáta wọ̀nyí ló ń mú epo wú, ó sì fi ẹfun ya àwòrán rẹ̀ sára ògiri. Bàbá àgbà tó ń gbé ìdí odán ní ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí yẹn, àwọn tó ni òkè ò fẹ́ ọkọ̀ níbẹ̀. Ìyá Alákàrà kàn ní, "Ọkọ̀ ti darúgbó. Ta ló dàgbà nínú wa tí kì í rùn díẹ̀?" Kò sẹ́ni tó dá wọn lóhùn.

Wọ́n wá ránṣẹ́ pe Ọ̀gá Pẹ́jò. Mẹkáníìkì gidi ni, orí 404 ló ti kọ́ṣẹ́, orí 504 ló ti gba òmìnira, kò sì gbà pé Ọlọ́run tún dá ọkọ̀ mìíràn lẹ́yìn méjèèjì. Kó tó wo Àkéré rárá, ó ti kọ́kọ́ dúró wí tẹnu rẹ̀: "Bàbá, ẹ ń pe èyí ní ọkọ̀ ìsáré? Ní 1978, Jean-Pierre Nicolas fi Pẹ́jò 504 Coupé gba ipò kìíní nínú eré ìje ọkọ̀ Safari ní Kẹ́ńyà, ó tún fi gba Bandama ní Côte d'Ivoire lọ́dún kan náà. Nínú ẹrẹ̀! Tiyín yìí, ẹrẹ̀ orúnkún kan ló máa mu ún." Bàbá Èkó dìde dúró. "Ní 1964, MGB ló ṣe ipò kìíní láàárín àwọn ọkọ̀ GT ní Monte Carlo. Nínú yìnyín! Pẹ́jò rẹ rí yìnyín rí?" Bí ọ̀sán ṣe pọ́n nìyẹn. Ohun tó kan òórùn epo nínú yìnyín àti ẹrẹ̀, ẹ bá mi bi wọ́n.

Ọ̀gá Pẹ́jò wọ abẹ́ ọkọ̀. Ó fi ọwọ́ pa ìsàlẹ̀ táǹkì, ó fi tọ́ọ̀ṣì wò ó. Ó gbẹ. Ó tún wá lọ́jọ́ mìíràn, ó gbẹ. Kò lè ṣàìgbẹ, nítorí pé bàbá ti padà sí lítà méjì, lítà mẹ́ta tiwọn. Nígbà tó sú Ọ̀gá Pẹ́jò, ó ní kò sí ọ̀nà mìíràn, àfi káwọn sọ táǹkì náà kalẹ̀ pátápátá.

Ọjọ́ náà, ẹ̀yin ará! A ò jẹ àkàrà. Ọ̀gá Pẹ́jò ní iná kankan ò gbọdọ̀ jó nínú agbolé, Ìyá Alákàrà bu omi pa iná wọn pẹ̀lú ojú ẹni tí wọ́n fi ọlá ìlú ṣẹ̀. A bu iyanrìn sínú garawa. Wọ́n ní kí wọ́n kọ́kọ́ yọ okùn bátìrì. Ọ̀gá Pẹ́jò ṣí iwájú ọkọ̀, ó wá bátìrì tì. Bàbá Èkó jókòó, wọ́n gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, wọn ò sọ nǹkan kan. Ó pẹ́ kí wọ́n tó ní, "Ẹ̀yìn àga ni. Méjì sì ni, oní-fóòtì mẹ́fà-mẹ́fà. Pẹ́jò ò ní irú ẹ̀." Wọ́n yọ okùn méjèèjì, wọ́n fi rọ́bà fa epo sínú kẹ́ẹ̀gì, wọ́n fi jáàkì gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ sókè, wọ́n sì ti igi tó nípọn bọ abẹ́ rẹ̀, nítorí jáàkì nìkan kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń sùn sábẹ́ rẹ̀.

Ó wá ku nọ́ọ̀tì. Nọ́ọ̀tì àwọn Gẹ̀ẹ́sì, íǹṣì ni. Ìdajì íǹṣì jẹ́ mìlímítà 12.7, sípánà Faransé tó sì súnmọ́ ọn jù ni 13. Ó wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ó ń mì, orí nọ́ọ̀tì àkọ́kọ́ sì ti fẹ́ máa yíká. Bàbá figbe ta: "Ẹ dúró! Mo kó sípánà wá láti Èkó!" Lóòótọ́ ni wọ́n kó o wá. Àmọ́ láti 1983 dòní, kí ni agbolé ò tíì fi sípánà ṣe? A bá ọ̀kan ní ìdí ilẹ̀kùn tí ó fi ń dúró. A bá ọ̀kan lọ́dọ̀ Tísà, òun ló ń tẹ ìwé mọ́lẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má gbé e. Sípánà ìdajì íǹṣì gan-an ńkọ́? Ọrùn ewúrẹ́ Ìyá Èkó la ti bá a, ó so mọ́ ìdí okùn, òun ni kì í jẹ́ kó rìn jìnnà. A tú u. Ewúrẹ́ náà sì lọ jẹ ìwé orin ọmọ kọ́áyà kan lọ́jọ́ yẹn. Ìyẹn ní ìtàn tirẹ̀, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀.

Wọ́n tú rọ́bà ẹnu táǹkì, wọ́n tú páìpù tó ń gbé epo lọ. Ó ku ẹ̀rọ kékeré ẹ̀gbẹ́ táǹkì, èyí tó ń sọ fún gééjì iye epo tó wà nínú. Òrùka irin ló dì í mú, ẹ ó máa gbá a díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi yí. Ọ̀gá Pẹ́jò na ọwọ́ sí òòlù irin, gbogbo agbolé lọgun! Irin kan irin, iná ta, epo wà níbẹ̀: ta ló fẹ́ kú sí Ìdàáṣà nítorí ọkọ̀ Abingdon? Ìyá Alákàrà ló mú orí ọmọ odó tó ti kán wá. Igi ni wọ́n fi gbá a, ó sì yí. Wáyà tó ti ibẹ̀ jáde ti bó, ìhòòhò rẹ̀ ń fara kan irin ọkọ̀. Ẹ bá mi fi wáyà yìí pamọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ń bọ̀ lórí rẹ̀.

Ọ̀gá Pẹ́jò fi pákó sórí jáàkì, ó fi gba táǹkì mọ́ra, wọ́n tú nọ́ọ̀tì etí rẹ̀ yí ká, wọ́n sì rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ dúdú, ó ń dán. Bàbá ti ń kùn ún lọ́dọọdún! Wọ́n na ìka sí i: "Ẹ rí i? Ẹ rí ohun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe? Kò sí ihò kankan níbẹ̀. Ìyá Oníkpayo ni!" Ọ̀gá Pẹ́jò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, kò rí nǹkan kan.

Ẹ mọ àpáta ńlá ẹ̀yìn ilé wọn. Ọmọ kan ti gùn ún lọ síbẹ̀ kó lè rí ìran dáadáa. Láti òkè lọ́hùn-ún ló ti pariwo wá: "Bàbá, mo ń rí inú rẹ̀ láti ibí!"

A yí orí padà. A wo òkè táǹkì. Ajọ̀ ni! Ìpẹtà pupa, ẹrẹ̀ tó ti gbẹ, eruku ọyẹ́ ọdún mélòó, ihò wẹ́wẹ́ tí oòrùn ń gbà wọlé. Ààyè kékeré ló wà láàárín òkè táǹkì àti ilẹ̀ búùtù, ibẹ̀ ni eruku àti omi òjò ń sá pamọ́ sí, wọn kì í gbẹ, wọ́n sì ń jẹ irin láti òkè wá sísàlẹ̀. Bí epo bá kéré, kò kan ihò kankan. Bí wọ́n bá kún un dé ẹnu, epo á dé ibi ihò, òórùn á dé. Gbogbo àwọn tó mọ̀wé ọkọ̀ nínú wa, ẹ̀yìn ni wọ́n fi dùbúlẹ̀ tí wọ́n ń wo ìsàlẹ̀ láti oṣù yìí wá!

Ta ló sáré lọ sọ fún Ìyá Oníkpayo? Ẹ má wo ojú mi. Ìyá gbé àpótí ìjókòó tiwọn dání wá, wọ́n gbé e kalẹ̀ níwájú táǹkì, wọ́n jókòó tì í, wọ́n sì ń wò ó pẹ̀lú ìfẹ́. Bàbá Èkó ṣí fìlà. Wọ́n ní, "Ìyá, ẹ má bínú." Ìyá ní àwọn ò bínú, ṣùgbọ́n àwọn ní owó ìtanràn. Kí ni? Ọjọ́ tí táǹkì bá ti sunwọ̀n, bàbá á kún un dé ẹnu lọ́dọ̀ àwọn, lójú gbogbo ayé, wọ́n á sì san owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ojú bàbá rọ̀. Ìyẹn ló dùn wọ́n ju táǹkì lọ!

Jórinjórin ò kọ́kọ́ fẹ́ fọwọ́ kàn án. Òun ló jẹ́ kí n mọ̀ pé táǹkì òfìfo léwu ju èyí tó kún lọ, nítorí pé oru epo tó ṣẹ́kù nínú rẹ̀ ló ń bú gbàmù. Wọ́n fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́ léraléra, wọ́n ṣí i sílẹ̀ sínú oòrùn àti afẹ́fẹ́ fún ọjọ́ bíi mélòó kan, jórinjórin sì tún gbọ́ ọ sí imú kó tó gé òkè rẹ̀ kúrò, tó sì jó irin tuntun mọ́ ọn. Wọ́n kùn ún, òkè àti ìsàlẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n tẹ́ rọ́bà sí àárín kí omi má baà tún rí ibi dúró. Nígbà tí bàbá yí kọ́kọ́rọ́, ẹ̀rọ tó ń fa epo lẹ́yìn ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀: tẹ́kí-tẹ́kí-tẹ́kí. Àwọn ọmọdé bẹ̀rẹ̀ sí í jó sí i. Ìyá Oníkpayo da epo tiwọn sí i dé ẹnu, wọ́n na imú sẹ́yìn ọkọ̀, wọ́n fà á sínú, wọ́n ní, "Ta ló rùn?"

Ẹ rò pé ó ti tán? Wáyà tí mo ní kẹ́ ẹ bá mi fi pamọ́ ńkọ́? Wọ́n ti wé e, wọ́n ti tò ó dáadáa. Ẹ wò ó, wáyà tó bó tó sì ń kan irin yẹn ló ń mú kí gééjì máa sọ pé táǹkì kún, láti ọdún gbọọrọ. Bàbá á wo gééjì, inú wọn á dùn, wọ́n á pè yín láti òdìkejì títì: "Wọlé! Epo pọ̀!" Wọ́n ti fi ọkọ̀ yẹn gbé aláboyún, wọ́n ti gbé ìyàwó tuntun, wọ́n ti gbé èmi náà dé Savalou. Epo á tán lọ́nà lóòótọ́, a ó sì tì í, ṣùgbọ́n ẹ̀rín la fi máa ń tì í. Nísinsìnyí tí gééjì ń sòótọ́, abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń sọ̀kalẹ̀ lójú bàbá. Kí abẹ́rẹ́ rìn díẹ̀ báyìí, ojú bàbá á bá a rìn. Kò sẹ́ni tó tún rí àga apá òsì jókòó. Ìyá Èkó gan-an, zémidjan ni wọ́n ń gùn lọ sọ́jà.

A ti pàdé lórí ọ̀rọ̀ náà, àwa mélòó kan. Ọmọ orí àpáta yẹn ní òun mọ ibi tí wáyà náà gbà kọjá. Mi ò ní kó lọ, mi ò sì ní kó má lọ. Ọdún iṣu Savalou ń bọ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ, ẹsẹ̀ mi méjèèjì sì ti sọ fún mi pé àwọn ò bá mi dé ibẹ̀.